Alárinà, Adé àti Ilé Oúnjẹ: Ìtàn Ìgbéyàwó Láàárín Àwọn Gíríìkì Ìlú Chicago

Nínú àwọn fíìmù apanilẹ́rìn-ín tó dá lórí ìfẹ́ àti ẹbí àwọn tó ṣí kúrò nílẹ̀ bàbá wọn, díẹ̀ ló lókìkí tó My Big Fat Greek Wedding, èyí tí àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní oṣù kẹrin ọdún 2002. Joel Zwick ló darí rẹ̀. Nia Vardalos ló kọ ọ́, òun náà ló sì kó ipa Toula Portokalos, omidan tó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ń bá àwọn òbí rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ wọn ní Chicago, tí àìtíì-lọ́kọ rẹ̀ sì ti di ọ̀rọ̀ ìjíròrò fún tẹbí-tará. Nígbà tí ọkọ yóò yọjú, Ian Miller ni, tíṣà tí kò ní ẹ̀jẹ̀ Gíríìkì kankan lára, ni bàbá ọmọ bá fárígá. Gus Portokalos, bàbá náà, ya àsíá Gíríìsì sí ilẹ̀kùn gáréèjì rẹ̀, ó ri òpó funfun bíi ti tẹ́ńpìlì àtijọ́ síwájú ilé rẹ̀, ó gbà pé kò sí egbò tàbí èéwo tí Windex, omi tí wọ́n fi ń nu gíláàsì fèrèsé, kò lè wò, ó sì gbà pẹ̀lú ìdánilójú kan náà pé ọmọ Gíríìkì nìkan ló yẹ kó fẹ́ ọmọ Gíríìkì.

Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín sí Gus, wọ́n sì rò pé agídí àgbàlagbà kan ni àwọn ń wò. Àmọ́ ohun tí fíìmù náà sọ di ẹ̀rín ní ìtàn tó gùn tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn, ìtàn náà kò sì pani lẹ́rìn-ín rárá. Ìgbéyàwó ni gbèsè tó lé ọ̀pọ̀ ọkùnrin Gíríìkì kúrò nílé. Àìsí obìnrin ni ìyà tó kọ́kọ́ jẹ wọ́n ní Chicago. Nígbà tí òfin Amẹ́ríkà sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn wọn, ìgbéyàwó ni ọgbà tí wọ́n fi yí ara wọn ká kí wọ́n má baà parẹ́. Ẹni tó bá tọpa ìtàn yìí yóò rí i pé àṣà tí Gus ń jà fún kò dúró lójú kan rí, àti pé ohun tó gbé àwọn Gíríìkì Chicago ró ju ẹ̀jẹ̀ lásán lọ.

Gbèsè Tó Lé Ọkùnrin Sọ́nà Àjò

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Peloponnese, apá gúúsù Gíríìsì, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti gbójú lé èso àjàrà wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń sá gbẹ kí wọ́n tó tà á sí òkè òkun. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kòkòrò kan jẹ gbòǹgbò àjàrà ilẹ̀ Faransé run, àwọn tó ń pọn wáìnì níbẹ̀ sì yíjú sí àjàrà gbígbẹ Gíríìsì, tó bẹ́ẹ̀ tí owó rẹ̀ fi lọ sókè tí àwọn àgbẹ̀ kan sì hú igi ólífì wọn kí wọ́n lè gbin àjàrà sí i. Nígbà tí oko àjàrà Faransé kọ́fẹ padà, tí ìjọba Faransé sì bu owó-orí ńlá lé àjàrà tó ń wọlé láti òkèèrè, ọjà dorí kodò. Ní ọdún 1893 owó àjàrà já wálẹ̀ pátápátá, ìjọba Gíríìsì fúnra rẹ̀ sì kéde ní ọdún kan náà pé òun kò lè san gbèsè tí òun jẹ.

Bí òṣì ṣe wọ abúlé, ojúṣe kan wà tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin, ìyẹn ni prika. Prika ni ẹrù, owó, ilẹ̀ tàbí ilé tí ẹbí ìyàwó máa ń kó lọ bá ọkọ, nítorí náà ó yàtọ̀ pátápátá sí owó orí ilẹ̀ Yorùbá, níbi tó jẹ́ pé ẹbí ọkọ ló ń kó ẹrù ìdána tọ ẹbí ìyàwó lọ. Ọmọbìnrin tí kò ní prika lè jókòó ti òbí rẹ̀ títí yóò fi darúgbó, ìtìjú rẹ̀ a sì jẹ́ ti gbogbo agboolé. Bàbá tó bí obìnrin mẹ́rin ti jẹ gbèsè mẹ́rin; bí bàbá kò bá sì lágbára, orí àwọn ọmọkùnrin ni ẹrù náà ń bọ́ sí. Àṣà sọ pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin kò gbọdọ̀ gbéyàwó tirẹ̀ kí ó tó rí i pé àwọn obìnrin ilé ti wọlé ọkọ. Ní abúlé tí àjàrà kò ti mówó wọlé mọ́, ibi kan ṣoṣo tí owó bẹ́ẹ̀ ti lè wá ni òkè òkun.

Christos Tsakonas, ọmọ agbègbè Sparta tó dé Chicago ní àwọn ọdún 1870, wà lára àwọn tó la ọ̀nà náà. Ó padà sílé, ó ròyìn ohun tó rí, ó sì kó àwọn ọmọ abúlé rẹ̀ dání nígbà tó ń padà lọ, débi pé àwọn Gíríìkì ń pè é ní Columbus ti Sparta. Láàárín ọdún 1890 sí 1924, nǹkan bí 400,000 ọmọ Gíríìkì ló wọ Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn sì rèé, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá wọn tó jẹ́ ọkùnrin. Amẹ́ríkà nìkan kọ́ ni wọ́n tú ká sí. Àwọn kan gba Íjíbítì lọ, àwọn kan gba Ọsirélíà, àwọn mìíràn sì dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ilé-iṣẹ́ A. G. Leventis, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará Èkó, ti jẹ́ èyí tí ọmọ Gíríìkì kan láti erékùṣù Cyprus dá sílẹ̀ ní ọdún 1937.

Èrò ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ sí Chicago ni pé àwọn kò ní pẹ́. Wọn yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, wọn yóò fi owó prika àbúrò ránṣẹ́, wọn yóò ra ilẹ̀ díẹ̀, wọn yóò sì padà sílé lọ gbé ìyàwó. Àjò kò dùn kí onílé má relé, ọ̀pọ̀ wọn sì padà lóòótọ́. Nígbà Ogun Balkan ní ọdún 1912 sí 1913, nǹkan bí 40,000 ọkùnrin ló ti Amẹ́ríkà padà sílé láti jà fún orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn tó kù ni wọ́n di ìpìlẹ̀ ìran Portokalos.

Delta, Àdúgbò Àwọn Ọkùnrin

Ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Chicago ni wọ́n ń pè ní Delta, ilẹ̀ onígun mẹ́ta tí òpópónà Halsted, Harrison àti Blue Island pààlà rẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè pawọ́ pọ̀ gba yàrá kan, kí wọ́n pín owó oúnjẹ, kí wọ́n sì máa se oúnjẹ ní ẹlẹ́kọ̀ọ̀kan. Ilé tí wọ́n ti ń pàdé ni kafeneío, ilé kọfí tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan, níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn, tí wọ́n ń ta káàdì, tí wọ́n ń ka lẹ́tà ilé sétí ẹni tí kò mọ̀wé, tí wọ́n sì ti ń gbọ́ ibi tí iṣẹ́ wà. Nítòsí wọn ni Hull House wà, ilé ìrànlọ́wọ́ ará àdúgbò tí Jane Addams àti Ellen Gates Starr dá sílẹ̀ ní ọdún 1889. Àwọn Gíríìkì ní ẹgbẹ́ ìjàkadì níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn òṣìṣẹ́ àti akiri-ọjà Delta ti ṣe eré Odysseus, akọni tó pẹ́ lẹ́yìn odi kó tó padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ní ọdún 1899.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí ń fúnni níyì. Àwọn àgbà ń ti kẹ̀kẹ́ èso àti ewébẹ̀ kiri àdúgbò, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ ojú irin, àwọn ọmọdékùnrin sì ń dán bàtà. Ọmọ tó ń dán bàtà sábà máa ń wà lábẹ́ padrone, ìyẹn ọ̀gá tó san owó ọkọ̀ rẹ̀ láti abúlé, tí ọmọ náà yóò sì sin títí yóò fi san gbèsè náà tán, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀fà ṣe ń sin olówó rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, pẹ̀lú ìyàtọ̀ pé ìwọ̀fà mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ọmọ Delta kò sì mọ̀ ju ibi ìjókòó tí ó ti ń dán bàtà lọ. Ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn á ra kẹ̀kẹ́. Láti orí kẹ̀kẹ́ á dé ṣọ́ọ̀bù àdídùn àti áásìkiriìmù. Láti ibẹ̀ á dé ilé oúnjẹ.

Ilé oúnjẹ ni iṣẹ́ tó wá mọ́ àwọn Gíríìkì lára jù lọ, ìdí rẹ̀ sì hàn kedere. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí, kò béèrè Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, owó díẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ tí a kò ní san owó oṣù fún ló sì lè mú un dúró: ìyàwó nídìí àdògán, ọmọ lẹ́nu káńtà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó nídìí abọ́. Nítorí náà, nígbà tí fíìmù fi Toula hàn tó ń da kọfí sí ife oníbàárà nílé oúnjẹ bàbá rẹ̀ láìní ayé tirẹ̀, kì í ṣe àwàdà ni ó ń ṣe. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń jèrè ni ó ń ṣàlàyé. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ àjòjì lè mú ọwọ́ kan kúrò nídìí òwò, ọkọ Gíríìkì sì lè fi ọwọ́ kan kún un. Ọ̀rọ̀ àṣà àti ọ̀rọ̀ àpò wọnú ara wọn.

Àwọn ará Delta kò jẹ́ kí ọdún púpọ̀ kọjá kí wọ́n tó gbé ilé àṣà wọn kalẹ̀. Ìjọ Holy Trinity, ti ẹ̀sìn Kristẹni Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tí àwọn Gíríìkì ń ṣe, bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1897, ilé-ìwé Gíríìkì tí wọ́n sọ lórúkọ Socrates sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1908, nígbà tí ọmọ tí yóò jókòó nínú kíláàsì kò tíì pọ̀ rárá. Ìdí tí wọ́n fi ń kánjú kò ṣòroó rí. Ní oṣù kejì ọdún 1909, àwọn jàǹdùkú ya wọ àdúgbò àwọn Gíríìkì ní South Omaha, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n ba ṣọ́ọ̀bù jẹ́, wọ́n sì lé àwọn olùgbé rẹ̀ kúrò nílùú. Ara ohun tí àwọn tó kórìíra wọn ń sọ ni pé ọkùnrin lásán ni wọ́n, wọn kò ní ìyàwó, wọn kò sì ní ilé tí wọn yóò tìtorí rẹ̀ fara balẹ̀.

Ìyàwó Inú Fọ́tò

Ọkùnrin tó ti san prika àwọn àbúrò rẹ̀ tán wá di ẹni tó ń wá aya, obìnrin Gíríìkì kò sì sí ní Delta. Àwọn kan fẹ́ obìnrin Jámánì, Áíríìṣì tàbí Pólándì tí wọ́n bá pàdé níbi iṣẹ́, èyí tó fi hàn pé ìgbéyàwó pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe Gíríìkì bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ìran àkọ́kọ́ fúnra wọn, ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Toula àti Ian. Ṣùgbọ́n èyí tó wu ọ̀pọ̀ jù lọ ni pé kí ìyàwó ti ilé wá, iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ alárinà.

Iṣẹ́ alárinà kò ṣàjèjì ní abúlé Gíríìsì. Òun ló máa ń wádìí ìdílé, tó máa ń gbọ́ iye prika, tó máa ń bá ẹbí méjèèjì dúnàádúrà, tó sì máa ń gbé ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Òkun tó wà láàárín ló sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ fọ́tò. Ọkùnrin yóò wọ kóòtù tó dára, yóò so táì, yóò jókòó síwájú ayàwòrán ní òpópónà Halsted, yóò sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin; ẹbí omidan yóò fi tiwọn dá a lóhùn; lẹ́tà yóò lọ, lẹ́tà yóò bọ̀; lẹ́yìn náà ni owó ọkọ̀ yóò dé. Àǹfààní ńlá tó wà níbẹ̀ fún ìdílé aláìní ni pé ọkùnrin Gíríìkì tó wà ní Amẹ́ríkà sábà máa ń gba obìnrin láìbéèrè prika, nítorí náà ọmọbìnrin tí kò ní ìrètí ọkọ nílé lè rí ọkọ lókè òkun, kí ó sì gba àwọn ọkùnrin ilé rẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè.

Àwọn omidan wọ̀nyí pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gúnlẹ̀ sí New York, pàápàá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọn a mú fọ́tò dání bí wọ́n ti ń wo ojú àwọn ọkùnrin tó wá pàdé wọn, àwọn kan a sì rí i pé ẹni tó dúró síwájú àwọn ti dàgbà ju ẹni inú àwòrán lọ. Obìnrin tó bá kọ̀ kò ní ẹbí tí yóò sá tọ̀, kò gbọ́ èdè, kò sì ní owó ọkọ̀ tí yóò fi padà. Ọ̀pọ̀ wọn gbà, wọ́n ṣègbéyàwó láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì di ìyá ilé ní Delta. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ló sọ àgọ́ àwọn ọkùnrin di àwùjọ: àwọn ló mú kí ilé-ìwé Socrates rí ọmọ, tí ìjọ fi rí ìyá tó ń yan búrẹ́dì ìsìn, tí ilé oúnjẹ fi rí alásè.

Nínú fíìmù náà, ìyá àgbà Toula, tó máa ń wọ aṣọ dúdú, tó sì máa ń sá jáde lóru nítorí pé ó rò pé àwọn Tọ́kì ń lé òun, dúró fún ìran tó kúrò nílé pẹ̀lú ẹ̀rù. Ẹ̀rù náà ní ìdí, nítorí pé ìjọba Ottoman jẹ gàba lórí ilẹ̀ Gíríìkì fún ọ̀rúndún púpọ̀, àti pé ní ọdún 1922 iná jó ìlú Smyrna, àwọn Gíríìkì tó ń gbé ilẹ̀ Tọ́kì sì di olùwá-ibi-ìsádi lẹ́sẹ̀ kan náà. Nígbà tí ìyá àgbà yìí fi fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ àti adé ìgbéyàwó rẹ̀ han Toula kí ọjọ́ ìyàwó tó pé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni eré náà lò níbẹ̀, àmọ́ òun nìkan ni ibi tí fíìmù ti kan ìtàn àwọn obìnrin inú fọ́tò lójú.

Ilẹ̀kùn Tì, Ọgbà Sì Ga

Ní ọdún 1924, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tó dín iye àwọn tó lè ṣí wọ orílẹ̀-èdè náà kù, ó sì fi 100 ènìyàn péré ṣe ìpín Gíríìsì lọ́dún. Ìlú tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti ń wọ̀ lọ́dọọdún wá di ibi tí àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bí ara wọn. Ohun tí wọn yóò ṣe sí i pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ẹgbẹ́ AHEPA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Atlanta ní ọdún 1922, fẹ́ kí Gíríìkì di ará Amẹ́ríkà pátápátá kí àwọn olùkórìíra lè fi wọ́n sílẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ṣe ìpàdé wọn. Ẹgbẹ́ GAPA, tó dìde ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní tirẹ̀ fẹ́ kí èdè Gíríìkì àti Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì máa ṣáájú nínú ohun gbogbo. Ìjiyàn yìí kì í ṣe ti inú gbọ̀ngàn nìkan. Ó wọ ilé, ó sì di ìjà bàbá àti ọmọ: ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé ìjọba ní òwúrọ̀, tó tún ń lọ sílé-ìwé Gíríìkì ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi oúnjẹ tó gbé wá ṣe yẹ̀yẹ́, gẹ́gẹ́ bí Toula kékeré ṣe rí i nínú fíìmù.

Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ìgbéyàwó ti di ọgbà. Bàbá tí òun fúnra rẹ̀ lè ti fẹ́ àjòjì bó bá fẹ́ wá ń ka ọ̀nà mọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ tó le mọ́ ọmọbìnrin kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọkùnrin, nítorí wọ́n gbà pé ìyá ló ń fi èdè àti ìgbàgbọ́ sẹ́nu ọmọ.

Nígbà tí òfin ọdún 1965 ṣí ilẹ̀kùn padà, tí àwọn Gíríìkì tuntun sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Delta kò sí níbẹ̀ láti gbà wọ́n. Òpópónà márosẹ̀ àti ọgbà Yunifásítì Illinois, èyí tó ṣí ní ọdún 1965 kan náà, ti gba ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú ilé Hull House. Àwọn oníṣòwò ṣí díẹ̀ lọ sí ìhà àríwá lórí òpópónà Halsted kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní Greektown títí di òní. Ilé oúnjẹ Parthenon, tó ṣí níbẹ̀ ní ọdún 1968, ni wọ́n sábà máa ń sọ pé òun ló kọ́kọ́ gbé saganaki jáde pẹ̀lú iná: wàràkàṣì tí wọ́n dín, tí wọ́n da ọtí líle sí lójú oníbàárà, tí wọ́n ṣáná sí, tí gbogbo ilé sì hó yèè kí wọ́n tó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Iná orí wàràkàṣì yẹn, àrà ìlú Chicago ni. Ohun tí àwọn oníbàárà kà sí àṣà ìgbà ìwáṣẹ̀, ìran tó ṣí wá ló dá a.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú ìgbéyàwó. Ní Gíríìsì fúnra rẹ̀, òfin fàyè gba ìgbéyàwó kóòtù ní ọdún 1982, ó sì fòpin sí prika ní ọdún 1983. Àṣà ilé ń yí padà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lájò kò rí ìyípadà náà. Ilé tó fi sílẹ̀ ní ọdún tó wọkọ̀ ni ilé tó ń gbé lọ́kàn. Gíríìsì tí Gus ń dáàbò bò ní Chicago, ó ṣeé ṣe kí ó má sí mọ́ ní abúlé rẹ̀.

Adé Méjì àti Ife Kan

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, apá kan wà tí kò yí padà, ìyẹn ni ètò ìsìn ìgbéyàwó nínú Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì. Tọkọtaya kì í sọ ọ̀rọ̀ ìbúra kankan nínú rẹ̀; ohun tí wọ́n ṣe sí wọn lára ló so wọ́n pọ̀. Àlùfáà yóò kọ́kọ́ súre sí òrùka, yóò fi sí ọwọ́ ọ̀tún wọn, koumbaros yóò sì pààrọ̀ òrùka náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìka méjèèjì. Koumbaros ni olùdúró-tini, ọmọ ìjọ tó jẹ́ ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó, tó sábà máa ń di bàbá ìsàmì ọmọ àkọ́bí wọn, tí okùn tó so ó mọ́ ilé náà sì lágbára tó ti ẹbí. Lẹ́yìn èyí ni stefana, adé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ méjì tí rìbọ́nnì funfun kan so pọ̀, yóò bọ́ sórí wọn, koumbaros yóò tún pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn yóò ka ìtàn ìgbéyàwó Kánà, wọn yóò mu wáìnì nínú ife kan náà, àlùfáà yóò sì mú wọn yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tí í ṣe ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ọkọ àti aya. Níta, wọ́n ń pín álímọ́ńdì tí wọ́n fi ṣúgà bò fún àwọn àlejò, iye rẹ̀ a sì máa jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Adé méjèèjì á wà nínú àpótí gíláàsì lára ògiri yàrá ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn.

Òfin ìjọ náà fàyè gba ọmọ ìjọ láti fẹ́ Kristẹni mìíràn tí wọ́n bá ti rì bọmi ní orúkọ Mẹ́talọ́kan, ṣùgbọ́n kò ní gbé adé lé orí ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi rárá. Ìdí nìyí tí ìrìbọmi Ian fi jẹ́ oríta fíìmù náà. Ọkùnrin gíga bọ́ṣọ, ó wọ inú omi tó wà nínú abọ́ ìwẹ̀ onírọ́bà bíi tàwọn ọmọdé, wọ́n fi òróró pa á lára, ẹbí ìyàwó sì dúró yí i ká. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín, àmọ́ lójú ìjọ, ibẹ̀ gan-an ni Ian ti kọjá láti ita sínú ilé. Ní ayé gidi, irú ọ̀nà yìí ni Ian Gomez, òṣèré tó jẹ́ ọkọ Vardalos nígbà náà, gbà wọ ìjọ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó.

Fíìmù Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ìtàn

Ìlú Winnipeg ní Kánádà ni wọ́n bí Vardalos sí, òbí rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ Gíríìkì. Ó ṣeré pẹ̀lú ẹgbẹ́ apanilẹ́rìn-ín Second City ní Toronto àti ní Chicago kí ó tó gbé ìtàn ẹbí rẹ̀ lọ sórí ìtàgé ní Los Angeles, níbi tí òun nìkan ti ń dá ṣe gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀. Rita Wilson, òṣèré tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Gíríìkì, wo eré náà, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀, Tom Hanks, ilé-iṣẹ́ Hanks sì wà lára àwọn tó gbé e jáde ní fíìmù. Toronto ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 5 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí. Kò gba ipò kìíní lópin ọ̀sẹ̀ kankan, ẹnu ni àwọn ènìyàn fi polówó rẹ̀ fún ara wọn, síbẹ̀ ó pa ju mílíọ̀nù 360 dọ́là lọ káàkiri àgbáyé, àwọn aṣagbátẹrù ẹ̀bùn Oscar sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀ka ìtàn tí a kọ tuntun. Apá kejì jáde ní ọdún 2016, apá kẹta ní ọdún 2023.

Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn, fíìmù náà ṣe òótọ́ lórí nǹkan mẹ́ta: bí ilé oúnjẹ ṣe ń gba ọwọ́ gbogbo ẹbí, bí àwọn obìnrin ilé ṣe ń darí bàbá láìjẹ́ pé ó mọ̀, àti bí àsè ṣe ń borí àríyànjiyàn. Ibi tó ti jìn sí kòtò ni pé kò sọ nǹkan kan nípa prika, kò mẹ́nu kan ọmọ tó sin padrone, ó sì mú kí ó dà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ Toula ni ìgbéyàwó pẹ̀lú àjòjì ti bẹ̀rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ó sọ Gus di apanilẹ́rìn-ín tí kò ní ìdí fún ohun tó ń ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ìdí náà kún inú ìtàn ìlú tó ń gbé.

Síbẹ̀, ibi tí fíìmù náà parí sí bá òtítọ́ mu. Gus gba ọkọ tí kì í ṣe Gíríìkì, ó ra ilé fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, Toula sì wọ́ ọmọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé Gíríìkì pẹ̀lú ìlérí pé ẹni tó bá wù ú ni yóò fẹ́. Láti ìparí ọ̀rúndún ogún, ó ju ìdajì lọ nínú ìgbéyàwó tí Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Gíríìkì ń so ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ ti ọmọ ìjọ àti ẹni tí wọn kò bí sínú rẹ̀, ìjọ náà kò sì torí bẹ́ẹ̀ parẹ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì Chicago lẹ́yìn tí Delta wó, tí alárinà sì ti kógbá wọlé, ni ìjọ, ilé-ìwé ìrọ̀lẹ́ àti tábìlì oúnjẹ tí wọ́n gbà kí ẹlòmíràn jókòó sí. Mẹ́ta yìí ló gba àṣà wọn là, kì í ṣe ilẹ̀kùn tí Gus fẹ́ tì.